Ìró Lẹ́nu Ọ̀nà

Ìwé owó iná dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.
Mo kà á ní ìdúró, mo tún un kà ní ìjókòó:
ọ̀ọ́dúnrún dọ́là ó lé mọ́kànlá,
ní Winnipeg, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́,
nígbà tí itọ́ ẹni ń di yìnyín kó tó kanlẹ̀.
Mo ní irọ́ ni. Mo ní wọ́n ṣì í kọ ni.

Ìyá mi tó wá bá wa wẹ ọmọ gbójú sókè.
Ó wo gílóòbù mẹ́fà tó ń tàn ní pálọ̀ lọ́sàn-án gangan,
ó wo tẹlifíṣọ̀n tó ń bá àga sọ̀rọ̀,
ó ní, "Akínkúnmi, ta lẹ ń tanná dè?"

Èmi tí mo fi àbẹ́là kàwé ní Òkè-Àdó!
Èmi tí mo ti dìde lóru rí láti lọ aṣọ
torí iná dé ní aago méjì,
kò sì sẹ́ni tó mọ ìgbà tí yóò lọ.
Níbí tí iná kì í ti í ṣẹ́jú,
a gbàgbé pé ó ń jẹun.

Kò wí jù bẹ́ẹ̀.
Ó bọ́ bàtà, ó bọ́ ìbọ̀sẹ̀,
ó ń fi ẹsẹ̀ lásán wá atẹ́gùn kiri ilé
bí ẹni abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ti bá a:
òtútù tẹ́ẹ́rẹ́, tó mú bí abẹ.
Ó mú ìró ànkárá rẹ̀ kan tó ti ṣá,
ó ká a gbọọrọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀.
"Ìta lẹ ń dáná fún," ló wí,
"ìta ò sì ní í yó láéláé."

Ligaya, ará Filipíìnì, alámùúlégbè wa,
gbé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wá fún àwọn fèrèsé,
ó fi ẹ̀rọ ìgbẹrun fẹ́ ẹ títí ó fi le tantan.
Òun àti ìyá mi ò gbọ́ èdè ara wọn,
síbẹ̀ ẹnì kan náà ni wọ́n jọ ń fi rẹ́rìn-ín.
Mo mọ ẹni náà.

Ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sómi mọ́jú kó tó rí iná.
Omi tútù la fi ń fọṣọ;
ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ di àpótí ìjókòó,
okùn gba yàrá ìsàlẹ̀ já, ìlédìí àti ṣòkòtò ń rọ̀ dirodiro.
Ọ̀rinrin aṣọ rọ atẹ́gùn ilé,
imú Ọlátóóyè ò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́.
Èyí ò sí nínú ìṣirò ẹnikẹ́ni.

Mo wá ki àṣejù bọ̀ ọ́.
Mo yí ooru ilé sí mẹ́rìndínlógún,
Fadérera ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ìyá mi dá ẹjọ́ náà lórí oúnjẹ alẹ́:
"Ẹni tó ń ṣọ́wó ná kọ́ ni ahun.
Ọmọ jòjòló wà nílé."
A dá a padà sí mọ́kàndínlógún lójú ọ̀sán,
lóru, mẹ́tàdínlógún, pẹ̀lú kúbùsù méjì.

Nígbà tó di Ẹrẹ́nà: igba dọ́là ó lé mẹ́rin.
Kí n má purọ́, oòrùn náà ti ń bá wa dá sí i.
A fi nínú ìyókù ra bàtà yìnyín fún Ọlátóóyè,
a fi kún owó ọkọ̀ òfuurufú màmá.

Ó lọ nínú oṣù Èbìbí.
Ọ̀wàrà ti dé báyìí, koríko ti ń funfun láàárọ̀.
Fadérera ní rọ́bà ìdí ilẹ̀kùn wà ní ṣọ́ọ̀bù,
dọ́là méjìlá péré, á dí i ju aṣọ lọ.
Òótọ́ ló sọ.
Lálẹ́, tí mo bá ti pa iná tó kẹ́yìn,
ọmọọ̀ka ẹsẹ̀ mi a kan ìró náà nínú òkùnkùn.
Mi ò tíì ra rọ́bà.